Màmá Akín, Atúfọ̀ Ilé Etí Odò

Bí ikú bá mú ọmọ Yorùbá kan ní Berlin, tàbí tí òbí ẹnì kan papòdà nílé nígbà tí ọmọ wà níbí, ẹnì kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Kì í ṣe pásítọ̀, kì í ṣe lèmọ́mù, àwọn yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn. Morísọ́lá Ògúnbíyìí ni wọ́n ń pè, Màmá Akín, obìnrin tó ń tọ́jú yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà létí odò Spree. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ikú o. Ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ ni. Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ bi ẹni tí wọ́n tú u fún lójijì rí, lórí fóònù, nínú ọkọ̀ ojú irin tó kún fún òyìnbó, kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún yín.

Ọ̀nà tirẹ̀ nìyí. Kì í dá lọ. Kì í tú u lórí fóònù, kì í sì í tú u lẹ́nu ọ̀nà. Yóò wọlé, yóò kí onílé dáadáa, yóò béèrè bóyá ó ti jẹun, nítorí ara tí ebi ń pa kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Yóò ní kí ó jókòó. Yóò rọra gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo àwòrán. Lẹ́yìn náà ló máa wá bẹ̀rẹ̀: "Ara lágbájá ni kò yá díẹ̀." Tó bá ṣe díẹ̀: "Wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn." Tó bá tún ṣe: "Àwọn dókítà ń gbìyànjú." Báyìí ni yóò máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀, títí ọlọ́fọ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi gbójú sókè, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Màmá Akín kì í sọ pé "ó kú." Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe é, ọ̀rọ̀ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.

Irọ́ ni? Irọ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n irọ́ àánú ni. Àwọn bàbá wa ló fi lélẹ̀, ẹni tí kò bá sì tíì rí ìyá tó ṣubú lulẹ̀ tí kò dìde mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n là mọ́ ọn lórí, kó má bá mi jiyàn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yọ ọ́ lẹ́nu rí, Folúkẹ́, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé gíga tí wọ́n ń kọ́. Folúkẹ́ kọ̀ láti jókòó. Ó di aṣọ Màmá Akín mú lọ́rùn, ó ní, "Ẹ fi Ọlọ́run búra fún mi pé ó wà láàyè." Màmá Akín wo ojú ọmọbìnrin náà, ó rí i pé bí òun bá sọ òtítọ́ báyìí, èèyàn méjì ni wọn yóò sin. Ló bá búra. Ó fi Ọlọ́run búra pé ọkọ Folúkẹ́ wà láàyè, nígbà tí òkú ọkùnrin náà ti wà nínú yìnyín láti àná. Kùdírátù ló bá a lọ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mú bí àbúrò, tó ń ta oúnjẹ ilé ní Billstedt, ní Hamburg. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Kùdírátù ò lè mú un mọ́ra. "Màmá Akín, ìbúra yẹn ńkọ́?" Obìnrin náà ní, "Ẹnu ni mo fi búra, kì í ṣe ọkàn. Kọ́ ọ, lọ́jọ́ kan ìwọ náà á lò ó." Kùdírátù sì kọ́ ọ.

Ibi tí Màmá Akín fúnra rẹ̀ ti kọ́ tirẹ̀ jìnnà. Abẹ́òkúta ni, nígbà tí kò ì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Odò Ògùn gbé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ. Àwọn àgbà àdúgbò wọlé wá, wọ́n bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ti jẹun, wọ́n ní kó jókòó, wọ́n ní ọmọ ṣubú sínú omi ni, wọ́n ti yọ ọ́, ara rẹ̀ ni kò yá díẹ̀. Ìyá náà kò tọ̀ ọ́ lọ. Wọn kò jẹ́. Òbí kì í rí òkú ọmọ. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbà gbé e lọ sin, Morísọ́lá ló sì dúró ti ìyá rẹ̀ nínú yàrá, tó ń gbọ́ ìró ọkọ́ níta. Láti ọjọ́ yẹn ló ti kórìíra odò. Ó máa ń sọ pé odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ohun tó bá gbé, ó gbé e náà nìyẹn.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ Àbáyọ̀mí dé Berlin, etí odò náà ló ti ríṣẹ́.

Ilé yẹn, òtẹ́ẹ̀lì kọ́ ni látilẹ̀. Ilé-ẹgbẹ́ eré ìdárayá ni, ti àwọn òyìnbó tó ń tukọ̀ fún eré. Ọkọ̀ wọn gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn díẹ̀ lè gbé e léjìká. Ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ń tò wọ́n sí, nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tó máa ń rùn fún ọ̀dà àti ìbọ̀sẹ̀ tútù. Morísọ́lá ló ń fọ ilé ìwẹ̀ wọn, lọ́jọ́ Sunday ó máa ń se ọbẹ̀ ẹ̀wà fún wọn, wọn á jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọn ò fún lóúnjẹ láti oṣù tó kọjá. Àbáyọ̀mí kú nígbà tí ọmọ wọn ò tíì ju ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Kò sẹ́ni tí yóò bá a mú ọmọ dání. Ló bá ń mú un lọ síbi iṣẹ́.

Akínpẹ̀lúmi lórúkọ ọmọ náà, Akín ni gbogbo ayé ń pè é. Kò sí ohun tí ìyá rẹ̀ kò fi tàn án kúrò létí omi. Ó ra bọ́ọ̀lù fún un. Ó ní iwin ń bẹ lábẹ́ afárá. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Bàbá òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ló gbé e sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan tí ìyá rẹ̀ ń nu ilẹ̀ lókè, nígbà tí ìyá máa yọjú lójú fèrèsé, ọmọ ti wà láàárín odò, ó ń fa àjẹ̀, ó ń kọrin. Ẹsẹ̀ obìnrin náà kò gbé e dé ìsàlẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà títí ọmọ fi wọlé, tí aṣọ rẹ̀ tutù. Ó gbá a létí, ó sì dì mọ́ ọn. Ọmọ ò jáwọ́. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ odò di ìjà wọn, ìjà àwọn méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn ju bó ti yẹ lọ.

Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ darúgbó. Òrùlé ń jò, kò sí ọ̀dọ́ tó tó láti gba ipò wọn, ni wọ́n bá ta ilé náà. Ẹni tó rà á sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì àti ibi ìpàdé. Ilé ìwẹ̀ di yàrá àlejò. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ sí di gbọ̀ngàn àpérò, wọ́n fi gíláàsì ṣe ògiri apá odò. Wọ́n gbé àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kọ́ sí àjà fún ẹwà, kí àlejò lè máa gbójú sókè wò wọ́n bí wọ́n bá ń mu kọfí. Lára ògiri, wọ́n to àwòrán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́. Akín wà lára wọn, eyín rẹ̀ iwájú kan ti yọ, ó di àjẹ̀ mú. Màmá Akín ló ń nu gíláàsì àwòrán náà láràárọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí òtẹ́ẹ̀lì yẹn ju ẹni tó ni ín lọ. Àwọn kan ń sunkún ẹgbẹ́, òun ń dúpẹ́. Ọkọ̀ tó bá wà lórí àjà kò lè pa ọmọ ẹnikẹ́ni.

Kò mọ̀ pé ọmọ ti gbé odò náà sínú. Akín wọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Harburg, kò sì tíì mọ ọ̀nà dé ọjà tó ti wá ẹgbẹ́ atukọ̀ rí létí odò Elbe. Kùdírátù ló di ìyá rẹ̀ ní Hamburg. Á wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn lọ bá a ní Billstedt, á bá a ru àpò ìrẹsì, á sì jẹun yó. Ìyá rẹ̀ á pè é lálaalẹ́. "O ò dé odò lónìí, àbí o dé ibẹ̀?" Akín á fi èdè German dá a lóhùn, bí ó ti máa ń ṣe bí kò bá fẹ́ ìjà: "Mama, ich kann schwimmen." Ó mọ odò wẹ̀, ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ta ló bi í?

Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹta ọdún 2017. Kùrukùru ti bo odò láti òwúrọ̀, wọn ò rí òdìkejì. Àwọn dókítà eléyín ń bọ̀ wá ṣe àpérò lọ́sàn-án, Màmá Akín sì wà nínú gbọ̀ngàn, ó ń to àga lábẹ́ àwọn ọkọ̀ tó rọ̀ sókè. Fóònù rẹ̀ wà nínú Spind, àpótí onírin tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ti ẹrù wọn mọ́, nítorí ọ̀gá kì í fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí Kùdírátù lẹ́yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì.

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé Sátidé ni. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìkómọ, tó lè mú Kùdírátù ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Olúdàpọ̀ wà, bàbá àgbàlagbà tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé láti Altona, ẹni tí kì í jáde ní Hamburg àfi bí ọ̀rọ̀ bá le. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó mú un lọ́wọ́. Ẹ̀rín náà kú sí Màmá Akín lẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Akín," Kùdírátù kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Màmá Akín dá iṣẹ́ dúró. Ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú.

"Mo ti jẹun. Kí lẹ wá ṣe ní Berlin?"

Ẹ̀gbọ́n Olúdàpọ̀ fa àga kan sún mọ́ ọn. "Morísọ́lá, jókòó ná."

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, sà. Àga àlejò nìyẹn."

"Fóònù yín dà?" Kùdírátù tún bi í. "Láti ojú ọ̀nà la ti ń pè yín."

Ẹ̀yin náà ti rí i. Oúnjẹ, àga, fóònù. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀, bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó mọ ohun tó kàn. Ó gbọ́ ọ kí Kùdírátù tó lanu.

"Akín ni," Kùdírátù wí. "Ara rẹ̀ ni kò yá díẹ̀. Ọkọ̀ wọn dojú dé lórí odò lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́. Ilé ìwòsàn ló wà, ní Harburg. Ó ní ká mú yín wá."

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni Kùdírátù sọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n báyìí, nítorí ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n kò mọ̀ ọ́n. Ìgbì ọkọ̀ ńlá kan ló da ọkọ̀ àwọn ọmọ náà nù, omi sì tutù bíi yìnyín. Wọ́n yọ gbogbo wọn láàyè. Akín nìkan ló mu omi púpọ̀. Nígbà tí Kùdírátù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má sọ fún Mọ́mì o, wọ́n á ní àwọn ti wí." Kùdírátù gbọ́ tirẹ̀, kò sọ. Ìgbà tó di ìdájí Sátidé, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún, àwọn dókítà ti fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun fẹ́ rí Mọ́mì. Kùdírátù lè pe ìyá náà kó sọ ọ́ fún un lórí fóònù, wákàtí díẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin á fi gbé e dé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá lórí fóònù, ìyá tó dá gbé, tí kò ní ju ọmọ kan lọ? Wọn ò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ jí Ẹ̀gbọ́n Olúdàpọ̀ ní Altona, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n mú ọ̀nà Berlin pọ̀n.

Màmá Akín kò sunkún. Ojú rẹ̀ gbẹ. "Kùdírátù," ló wí, "èmi ni mo kọ́ ẹ."

"Màmá Akín, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wà láàyè."

"Èmi ni mo kọ́ ẹ. O ṣe é dáadáa."

"Mo fi Ọlọ́run búra, ó wà láàyè."

"Èmi náà búra fún Folúkẹ́. Ṣebí ìwọ lo dúró tì mí."

Kùdírátù yíjú sí Ẹ̀gbọ́n Olúdàpọ̀ pé kó gba òun. Bàbá náà ní, "Morísọ́lá, èmi kì í purọ́ fún ẹ. Wọ ẹ̀wù rẹ, ká lọ." Ṣùgbọ́n àgbà ni, Màmá Akín sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń purọ́ àánú tó àgbà. Kùdírátù fa fóònù yọ, ó tẹ nọ́ńbà ilé ìwòsàn, ó nà án sí i. Màmá Akín ń fẹ̀yìn rìn kúrò níwájú fóònù náà bí ẹni tó rí ejò. Ó fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ ọ́ jáde, tí òun náà kò sì sọ ọ́, Akín ò tíì kú. Á wà láàárín. Òun á fi í síbẹ̀ títí tí òun á fi to àga tán.

"Ẹ lọ sin ín," ló wí. "Ẹ ṣe é dáadáa fún mi. Òbí kì í rí òkú ọmọ."

Ó sì padà sídìí àga rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Kùdírátù dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lórí ilẹ̀ tó ń dán náà, ó ń sunkún, ẹkún rẹ̀ sì tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i. Ta ló ń sunkún báyẹn nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá díẹ̀? Ìgbà yẹn ni Phoebe wọlé, ọmọbìnrin ará Ghana tí wọ́n bí sí Berlin, tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí obìnrin kan lórí ilẹ̀, ó rí Màmá Akín tó ń gbọ̀n, ó sì rò pé àwọn àlejò náà wá yọ ọ́ lẹ́nu ni. Ó sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé gbọ̀ngàn kì í ṣe ibi ìjà, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró níta. Màmá Akín kò sọ pé rárá. Wọ́n jáde lọ jókòó sínú mọ́tò létí odò. Wọn ò lè fi í sílẹ̀, wọn ò sì lè gbé e tagbára-tagbára.

Ó to àga. Ó to ife kọfí. Ó ká aṣọ-ìnuwọ́ kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́ta bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn dókítà eléyín dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbójú sókè wo ọkọ̀, ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọmọ dúdú tó wà nínú àwòrán yẹn tukọ̀ dáadáa. Màmá Akín dá a lóhùn pé ó mọ̀ ọ́n tù. Ó gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀. Nínú Spind rẹ̀, fóònù ń gbọ̀n, ó ń dákẹ́, ó tún ń gbọ̀n.

Ọ̀sán ti ń lọ nígbà tí Phoebe sáré wọlé. Ilé ìwòsàn Harburg ti wá nọ́ńbà òtẹ́ẹ̀lì rí. Ẹ mọ̀ wọ́n, òyìnbó kì í túfọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ni wọ́n ń gbé e kalẹ̀. "Màmá," Phoebe wí lédè German, "dókítà ló wà lórí fóònù. Ó ní ọmọ yín ń ṣe àìsàn gidi gan-an. Ó ní ó ń béèrè yín, kẹ́ ẹ tètè máa bọ̀."

Àwo já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ń béèrè mi?"

"Ó ń béèrè yín."

Mi ò mọ bí obìnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún ṣe ń sáré bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò yí bàtà iṣẹ́ padà, kò mú ẹ̀wù òtútù. Ó gba àárín àwọn dókítà eléyín kọjá, ó jáde létí odò, ó ń lu gíláàsì mọ́tò Ẹ̀gbọ́n Olúdàpọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ó wà láàyè," ló ń sọ fún wọn, bí ẹni pé àwọn ni kò mọ̀. "Ó wà láàyè." Kùdírátù ṣílẹ̀kùn fún un.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Autobahn, òjò ń rọ̀, ọkọ̀ ẹrù ń fọ́n omi sí wọn lójú. Màmá Akín jókòó sẹ́yìn, ó ń ka ohun tí òun yóò sọ fún ọmọ náà. Òun ò ní bá a jà lórí odò mọ́. Kó máa tukọ̀ ní tirẹ̀. Òun á wá dúró létí omi, òun á máa wò ó, òun á tiẹ̀ se ọbẹ̀ ẹ̀wà fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sọ èyí fún Kùdírátù, Kùdírátù sì ń mi orí. Nígbà tí wọ́n ń sọdá Elbe, ó wo omi náà lójú, ó ní, "Jọ̀ọ́."

Nọ́ọ̀sì kan ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ojú ló fi kọ́kọ́ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó fi ẹnu sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀. Wọ́n ti ń du ẹ̀mí rẹ̀ láti ọ̀sán, ọkàn rẹ̀ dákẹ́ kí wọ́n tó wọ Harburg. Nọ́ọ̀sì náà jẹ́ ẹni rere, ó di ọwọ́ Màmá Akín mú. Ó ní ojú ọmọ náà mọ́ kedere ní òwúrọ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn ṣáá. Ó ní ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ò gbọ́, ó sọ ọ́ títí tí kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbìyànjú láti pè é bí ọmọ náà ṣe pè é. "Wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ń bọ̀." Ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Olúdàpọ̀ ló dáhùn, nítorí àwọn obìnrin méjèèjì kò lè dáhùn. Ó ní ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ń sọ, pé ó ń bọ̀.

Bàbá náà na ọwọ́ láti dá Màmá Akín dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Morísọ́lá, kì í ṣe ojú òbí." Màmá Akín yọ ọwọ́ bàbá náà kúrò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀. Ara rẹ̀ ò tíì tutù tán.

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bá. Àwọn èèyàn sọ èyí lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ wọn, ọ̀rọ̀ wọn ò sì dùn mọ́ mi. Kí làwọn ìbá ti ṣe? Àwọn náà ló ń pè é láti wá bá wọn purọ́. Kùdírátù ò dárí ji ara rẹ̀, ó ń wá sí Berlin lóṣooṣù, wọ́n á jọ jókòó. Màmá Akín ò kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá ní òun á yọ àwòrán náà bó bá fẹ́, Màmá Akín ní kí wọ́n fi í síbẹ̀. Ó ń nù ún láràárọ̀. Ṣùgbọ́n kò tún bá ẹnikẹ́ni túfọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pè é, á ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Títí di ọdún 2019. Kùdírátù ló pè é lọ́sàn-án kan láti Hamburg. Jìmí, ọkọ Tinúkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní Altona láàárín ọ̀sẹ̀, ti ṣubú níbi iṣẹ́, wọ́n ti gbé e lọ, ọ̀rọ̀ náà sì le. Tinúkẹ́ wà ní Berlin, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun. "Màmá Akín," Kùdírátù wí, "èmi ò lè sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́." Màmá Akín bi í lẹ́ẹ̀kan: "Ṣé ó wà láàyè?" Ó ní ó wà láàyè. Ó tún bi í. Ó tún sọ ọ́.

Òun nìkan ló lọ. Kò mú ẹnì kankan dání. Bí Tinúkẹ́ ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ìyarun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Berlin tí kò mọ ohun tí ojú Màmá Akín túmọ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà ẹni. Ó ṣubú sórí àga oníbàárà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

"Jìmí wà ní ilé ìwòsàn ní Hamburg," Màmá Akín wí, láti ẹnu ọ̀nà, kò tíì jókòó, kò béèrè oúnjẹ. "Ọ̀rọ̀ náà le. Ó wà láàyè."

"Ẹ búra," Tinúkẹ́ wí. "Ẹ fi Ọlọ́run búra fún mi."

"Mi ò ní búra. Ìbúra mi ò níláárí."

Tinúkẹ́ ń wò ó, kò gbà á gbọ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wá àwọn yòókù. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ dígí. Màmá Akín lọ mú un wá. Ó kúnlẹ̀ lórí irun tó fọ́n kálẹ̀, àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà lé orúnkún rẹ̀, ó ń wọ bàtà sí i, ó ń so okùn rẹ̀.

"Akín dúró dè mí," ló wí. "Mi ò lọ. Dìde."